Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Orúkọ Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Náà

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Kogi, àti sí ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, ọ̀gá nọ́ọ̀sì, olórí láàbù àti olórí ilé oògùn ní gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba, ti ìjọ àti ti aládàáni, láti Ìyàrà dé Kábà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀yin àgbà wa, okun o.

Orí bẹ́ẹ̀dì kan la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìfun rẹ̀ lu, wọ́n gbé e wọ tíátà, wọ́n ran án. Láti ọjọ́ náà ni oògùn apakòkòrò ceftriaxone àti metronidazole ti ń wọ ara rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí ara ò yé gbóná, wọ́n yí i sí meropenem. Ọjọ́ kẹsàn-án, ara ṣì ń gbóná, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀, ọ̀pá dírípù tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ kìíní ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ ibà wò, wọ́n ṣe wídà, àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù, wọ́n fi oògùn ibà kún un. Ọjọ́ kejìlá ó dákẹ́, wọ́n kọ “sẹ́písíìsì”, àìsàn tí kòkòrò ń dá sílẹ̀ jákèjádò ara, sínú fáìlì, wọ́n pa fáìlì dé. Bí ẹ bá yẹ iṣẹ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lè má rí ẹni tó ṣe àìdáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kejìlá, kò sẹ́ni tó bi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà léèrè pé kí ló wà nínú ẹ.

A ò fi èyí bá ilé ìwòsàn kankan wí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn níbikíbi tí oògùn apakòkòrò bá ti pọ̀ ju àyẹ̀wò lọ.

Ohun kan wà tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn tí meropenem ò lè fọwọ́ kàn, bó ti wù kó pọ̀ tó, nítorí kì í ṣe bakitéríà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Ìbátan èbu tó ń bo búrẹ́dì tó pẹ́ nílé ni, àmọ́ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń po búrẹ́dì náà ló jọ jù: hóró kékeré roboto tó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Candida ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àlejò lára ènìyàn. Ó ń gbé nínú ìfun wa, lẹ́nu, lára awọ, òun náà ló sì ń mú kí ahọ́n ọmọ ọwọ́ funfun bíi wàrà tó dì. Bakitéríà inú ìfun ni kì í jẹ́ kó ráyè. Oògùn alágbára á wá pa àwọn yẹn tán. Ẹni tó pa gbogbo ológbò ilé rẹ̀, kó má bínú sí eku.

Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀: ìfun tó lu tàbí tí wọ́n gé, àti ike tó wà nínú iṣan. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ike kátítà, á fi nǹkan bí ọ̀dà yọ̀ọ̀yọ̀ bo ara rẹ̀, oògùn á máa kọjá lórí ẹ bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí wọ́n yọ ike yẹn kíákíá. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tó ń lo ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀, alátọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo oògùn jẹjẹrẹ tàbí tó ti pẹ́ lórí prednisolone, ẹni tí iná jó, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ gbé dé wọ́ọ̀dù tó sì pẹ́ níbẹ̀: wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé, kódà níbi tí oògùn ti pé, nínú ènìyàn 10 tó bá ní Candida nínú ẹ̀jẹ̀, bí 4 ló ń kú.

Irú Candida tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ti yí padà, ohun tó mú wa kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn dókítà wa wà nílé ẹ̀kọ́, Candida albicans ló gba iwájú, fluconazole, oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, sì ń kápá rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì parí síbẹ̀. Lóde òní, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn Candida yòókù lápapọ̀ ti tó ìdajì, níbòmíì wọ́n ti kọjá ìdajì. Ní Amẹ́ríkà àti àríwá Yúróòpù, glabrata ló ń bá àwọn arúgbó jà, fluconazole kì í sì í sábà ràn án àfi kí wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ kún. Ní Íńdíà, tropicalis pọ̀. Krusei ní tirẹ̀, láti inú ìyá rẹ̀ ni fluconazole ò ti ràn án. Parapsilosis fẹ́ràn ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ike dírípù; láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń rìn, èyí tí fluconazole ò sì ràn mọ́ ti gbilẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, Sípéènì, Ítálì àti Tọ́kì. (Àwọn onímọ̀ tún ti yí orúkọ àwọn kan padà. Bí èsì bá dé tí wọ́n kọ Nakaseomyces glabratus sí i, glabrata ọjọ́sí náà ni. Pichia kudriavzevii, krusei ni. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín rú.)

Auris wá ni àgbà wọn. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan, láti inú etí aláìsàn kan. Ohun tó fi ń jẹ́ auris nìyẹn, etí ló túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Kó tó pẹ́, ó ti yọjú ní Éṣíà, Áfíríkà àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe yíká Gúúsù Áfíríkà ní 2016 sí 2017, òun ló ṣe ìkẹta nínú àwọn Candida inú ẹ̀jẹ̀. Fluconazole kì í sábà ràn án rárá, amphotericin, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, náà máa ń kùnà lára àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tẹ ìròyìn jáde pé wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà, ní Èkó. Ọdún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó yẹ kí gbogbo ayé mójú tó. Albicans àti auris wà ní ìpele tó léwu jù, glabrata, tropicalis àti parapsilosis tẹ̀ lé wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ lọ́kàn pé Èkó jìnnà, kó rántí bí àwa ọmọ Okun ṣe ń gbé. Ilé ni à ń sá wá. Ẹni tí wọ́n ti tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Èkó tàbí Àbújá, tí owó bá tán, ẹbí á gbé e wálé sí Kábà tàbí Ìsánlú pẹ̀lú kátítà lára. Ọkọ̀ alẹ́ kan péré ló wà láàárín wọ́ọ̀dù tọ̀hún àti wọ́ọ̀dù tiwa.

Ohun tí a ń tọrọ kò ju kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní ẹkùn yìí máa ṣe kọ́ṣọ̀ ẹ̀jẹ̀ (kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní oúnjẹ kòkòrò, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè hù) bó ṣe yẹ, kí orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì sì hàn nínú èsì. Gbogbo nǹkan yòókù, orí èyí ló dúró lé.

Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ kọ́kọ́ ń bàjẹ́ sí. Hóró Candida kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀; kódà tí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, kọ́ṣọ̀ máa ń pàdánù bí ìdajì àwọn tó ní in nínú ara. Kí ni ẹ wá rò pé milílítà méjì máa mú jáde? Ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì, 20 ml ní ojú kọ̀ọ̀kan, 10 ml sínú ìgò kọ̀ọ̀kan: ìgò mẹ́rin, 40 ml. Ẹbí á pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ sọ fún wọn pé báàgì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń fi tọrẹ jẹ́ 450 ml. Èyí ò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ pé ìgò tí láàbù fúnra rẹ̀ sè ni wọ́n ń lò, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́wàá omi inú ìgò. Tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á pa ohun tí à ń wá. Tó bá kéré jù, ohun tí à ń wá lè má sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, awọ ara. Chlorhexidine 2% nínú sípírítì 70% ni kí ẹ fi nù ún dáadáa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Orí rọ́bà ìgò náà kì í ṣe mímọ́ bí wọ́n bá ṣí ike rẹ̀. Ẹ fi sípírítì nù ún kó tó kan abẹ́rẹ́. Ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ láti inú kánúlà tó ti wà lápá láti ìjẹta. Kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, wákàtí àti ojú tí ẹ ti fà á sára ìgò, kì í ṣe sára ìdérí. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ fà á kí ẹ tó fún aláìsàn ní oògùn tuntun.

Ìgò tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ nínú kì í wọ fíríìjì. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nítorí pé fíríìjì là ń kó àwọn ẹ̀jẹ̀ mìíràn sí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kúrò lójú oòrùn, kó dé inú ẹ̀rọ ìtọ́jú-ooru láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin. Ooru 35 sí 37 ló fẹ́, tọ̀sán-tòru. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju àìmọ̀ṣẹ́ lọ. Páńẹ́lì oòrùn kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ yìí nìkan, tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi gba iná fún fáànù ọ́fíìsì, ló máa yanjú ẹ. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń kà á fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa wo ìgò lójoojúmọ́, kí wọ́n sì gbin ún sórí àgà (oúnjẹ dídì tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀) lẹ́yìn wákàtí 24 àti 48, àti lọ́jọ́ karùn-ún, yálà omi rẹ̀ dàrú tàbí kò dàrú. Ẹ má jù ú nù lọ́jọ́ kẹta; glabrata máa ń lọ́ra.

Bí wọ́n bá fi gíráàmù, aró tí wọ́n fi ń kun kòkòrò kí wọ́n tó wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù, kun ún tí wọ́n rí hóró tó ní àwọ̀ àlùkò, tó tóbi ju bakitéríà lọ dáadáa, tó rí bí ẹyin tó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó wà ní láàbù gbé fóònù lójú ẹsẹ̀. Kó má dúró de ìwé èsì. Kó má sì sẹ́ni tó máa sọ pé láti ara awọ ló ti bọ́ síbẹ̀. Bakitéríà kan wà tí a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ Candida nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgò kan nínú mẹ́rin ló ti hù, ẹ tọ́jú aláìsàn náà.

Láti mọ orúkọ rẹ̀, owó gọbọi kọ́ ló fẹ́. Ẹ mú omi ara ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 0.5 ml, ẹ fi díẹ̀ lára ohun tó hù sínú ẹ, kó wà ní ooru 37 fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. Tí ẹ bá rí ọ̀pá tó yọ jáde lára hóró náà tí ìdí rẹ̀ ò fún, albicans ni tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí mẹ́ta, kí tropicalis má baà tàn yín jẹ. Àwo àgà aláwọ̀ á sọ ìyókù: albicans á ní àwọ̀ ewé, tropicalis á rí bí aró, krusei á pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ojú rẹ̀ sì rí háràhárà. Èyí tí kò bá yọ ọ̀pá, tó sì hù dáadáa ní ooru 42, kí ẹ fura sí i pé auris lè ni. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń pè é ní haemulonii tàbí Rhodotorula. Tí irú orúkọ àjèjì bẹ́ẹ̀ bá yọ láti inú ẹ̀jẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ fi í ránṣẹ́ sí láàbù tó tóbi.

Ọ̀rọ̀ ìfiránṣẹ́ yìí ló kan Kọmíṣọ́nà jù. Kò pọn dandan kí gbogbo ìlú ní gbogbo nǹkan. Ọkọ̀ tó ń ti Kábà gba Ọbájànà lọ sí Lọ́kọ́ja ò ṣọ̀wọ́n. Láti Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán sí Ìlọrin wà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àdéhùn: ta ló máa gbà á lọ́wọ́ dírẹ́bà, ta ló máa sanwó, ta ló máa fi èsì ránṣẹ́ padà, sí nọ́ńbà wo? Ohun tó ti hù ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nínú ìgò àgà kékeré tí wọ́n dé pa, kí ẹ fi òwú tó lè fa omi wé e, kí ẹ fi ike líle bò ó, kí ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ sínú páálí tó le. Kò fẹ́ yìnyín. Kó má sì jókòó sínú bútù ọkọ̀ nínú oòrùn Ọbájànà.

Oògùn ńkọ́? Fún ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an, èyí tí gbogbo ìlànà òde òní kọ́kọ́ dárúkọ ni ìran echinocandin: caspofungin 70 mg lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà 50 mg lójoojúmọ́, tàbí micafungin 100 mg lójoojúmọ́. Láti 2021 ni wọ́n ti wà lára oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó wọ́n. Nítorí ẹ̀ ni a ò ṣe ní kí gbogbo ilé ìwòsàn rà á. Ẹ kó ti ènìyàn mẹ́ta sí ojú kan ní ẹkùn yìí, kí gbogbo wa mọ nọ́ńbà ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí fluconazole nìkan bá wà, tí aláìsàn ò sì tíì burú jù, ẹ lò ó bó ṣe yẹ: 800 mg lọ́jọ́ kìíní fún àgbàlagbà, lẹ́yìn náà 400 mg lójoojúmọ́. Báàgì 200 mg mẹ́rin nìyẹn lọ́jọ́ kìíní. Kápúsù 150 mg ẹyọ kan tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún obìnrin tí abẹ́ ń yún kò lè pa ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ńṣe ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọfà. Tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ tó, ẹ fún un ní 800 mg ọjọ́ kìíní yẹn pé pérépéré, èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ dín kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé fún ènìyàn ní fluconazole nítorí pé Candida hù nínú ìtọ̀ ẹni tó ní kátítà tí nǹkan kan ò ṣe, tàbí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ pààrọ̀ kátítà tàbí kí ẹ yọ ọ́. Irú ìlò fluconazole bẹ́ẹ̀ ló ń fàyè gba glabrata àti krusei.

Amphotericin ni a fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ló lè yani lẹ́nu. Oríṣi méjì ni: deoxycholate tó pẹ́ láyé, àti èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé jẹ́ 3 sí 5 mg fún kílò kan. Deoxycholate jẹ́ 0.5 sí 1 mg, kò sì gbọdọ̀ kọjá 1.5 láé. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ti èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé fún ènìyàn ní deoxycholate lè dá ọkàn rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ilé oògùn kó wọn sí àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí nọ́ọ̀sì méjì ka orúkọ ara ìgò sókè kó tó wọ dírípù. Ní ti deoxycholate, ẹ fi omi abẹ́rẹ́ 10 ml po ìgò 50 mg, kí ẹ wá dà á sínú dẹ́kísítírósì (omi ṣúgà) 5% tó jẹ́ 500 ml. Kì í bá omi iyọ̀ rẹ́. Tí wọ́n bá pàdé, á dì bí wàrà tó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi iyọ̀ 500 ml ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún aláìsàn láti dáàbò bo kíndìnrín rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wáyé: okùn dírípù kan náà, omi iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ fi dẹ́kísítírósì fọ okùn náà kó mọ́ kí ẹ tó so amphotericin mọ́ ọn. Kó máa kán fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa wo kírẹátínì (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ kíndìnrín hàn) àti pọ́tásíọ́mù rẹ̀. Pọ́tásíọ́mù á já wálẹ̀ kí kíndìnrín tó figbe ta.

Oògùn yòówù tí ẹ bá lò, kọ́ṣọ̀ ni kí ẹ tún máa ṣe lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì títí ẹ̀jẹ̀ fi máa mọ́. Láti ọjọ́ tó mọ́ yẹn lẹ ó ti wá ka ọjọ́ 14. Ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀ kọ́. Kí dókítà ojú yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wò láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, nítorí Candida máa ń lọ lúgọ síbẹ̀, ojú sì lè fọ́ láìsí ìrora.

Ní ti ìmọ́tótó, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Auris lè wà lórí irin bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìzàl nìkan ò tó. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ ìdọ̀tí, kí ẹ wá lo bílíìṣì: èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ife kan sínú ife omi 34, ẹ po tuntun láràárọ̀, kó wà lójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má gbàgbé aṣọ ìwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń ti apá ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí auris tàn ká ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 tọ́ka sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná abẹ́ apá.

Kọmíṣọ́nà, ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ láìsí bọ́jẹ́ẹ̀tì ni ìwé kan. Ìwé ńlá olójú líle ni, ọ̀kan ní láàbù kọ̀ọ̀kan, ìlà méje: ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ orí aláìsàn, wọ́ọ̀dù, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wọ ìgò, ọjọ́ tó hù, orúkọ ohun tó hù, bó ṣe parí fún aláìsàn. Kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì yín máa gbà á lọ́wọ́ wa ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. A ti fa ìlà ti àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù, wọ́ọ̀dù àti ilé oògùn, ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi.